Ajá, aṣálẹ̀ àti ooru oṣù keje: páàkì wo ni kí ẹ yà sí, èwo ni kí ẹ kọjá?

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé àwa àti ajá wa ń wakọ̀ láti Houston lọ sí aṣálẹ̀ New Mexico, Arizona àti Utah ní oṣù keje, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ajá lẹ fẹ́ gbé sínú mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè lọ wo òkúta?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tá a dé páàkì Arches ní Utah, tí ìyàwó mi àtàwọn ọmọ ti lọ wo òkúta, tó wá ku èmi àti Tanímọ̀la, ajá wa, nínú mọ́tò, tí éésì ń fẹ́, tí a jọ ń wo ojú ara wa, ọ̀rọ̀ màmá kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Àwọn tó ń júwe páàkì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń tò wọ́n bí òkìkí wọn ṣe pọ̀ tó. Tí ajá bá wà lẹ́yìn mọ́tò yín, tó sì jẹ́ ìgbà ooru, ètò yẹn kò wúlò fún yín. Ìbéèrè méjì ni mo máa ń bi páàkì kọ̀ọ̀kan báyìí kí n tó kọjú mọ́tò síbẹ̀. Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó? Níbo ni ajá lè fẹsẹ̀ tẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ti gíga ilẹ̀ ná. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń fi ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà ga sí i, ooru á máa fi bíi 3 sí 5°F dín kù. Ní Grand Canyon, lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù keje, ẹni tó dúró létí ọ̀gbun lókè, níbi tó ga tó 7,000 ẹsẹ̀ bàtà, lè wà nínú 84°F (29°C), kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ létí odò Colorado sì máa yan bí àgbàdo nínú 106°F (41°C). Ibì kan náà ni orúkọ ń pè é.

Ti ibi tí ajá lè tẹ̀ ńkọ́? Okùn ajá kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ní páàkì kankan, ẹ kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ igi kí ẹ bá tiyín lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú ló ní òfin tirẹ̀, òfin ọ̀hún sì yàtọ̀ síra bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru.

Petrified Forest tàbí Grand Canyon apá gúúsù

Àwọn méjèèjì wà ní Arizona, ẹni tó bá gba títì I-40 láti Albuquerque lọ sí Flagstaff á kọ́kọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ Petrified Forest. Mo ní "kọjá" torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe gan-an nìyẹn, wọ́n ń sáré lọ bá Grand Canyon. Tẹ́ ẹ bá ní ajá, ẹ tẹ bíréèkì.

Nínú gbogbo páàkì ńlá tó wà ní aṣálẹ̀ yẹn, mi ò tíì rí èyí tó gba ajá tọwọ́tẹsẹ̀ bíi Petrified Forest. Gbogbo ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ ni ajá lè rìn, títí kan inú igbó gbalasa tí kò ní ọ̀nà. Inú ilé nìkan ni kò gbọdọ̀ wọ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ kan ló gba àárín páàkì náà kọjá, máìlì 28, ẹ ó máa dúró, ẹ ó máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ipa ọ̀nà ibẹ̀ kúrú: Giant Logs kò tó ìdajì máìlì, Crystal Forest kò pé máìlì kan, Blue Mesa tó máìlì kan ṣùgbọ́n ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lè gba èémí lọ́wọ́ ẹni tó bá ti jókòó sí mọ́tò láti àárọ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni igi tó di òkúta. Igi gidi ni wọ́n, ó ti lé ní igba mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n wó, tí omi gbé wọn, tí ẹrẹ̀ bò wọ́n, tí èròjà òkúta sì rọra gba ipò igi títí kò fi ku igi kankan mọ́. Èèpo rẹ̀ ṣì rí bí èèpo igi. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó tutù, ó wúwo, àárín rẹ̀ pupa, ó ní yẹ́lò, ó ní àwọ̀ elésèé àlùkò. Tanímọ̀la lọ síwájú ìtì kan tó ga ju òun lọ, ó gbóòórùn rẹ̀ yí ká, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè bí gbogbo ajá ṣe ń ṣe sí igi, ó wá tún gbé e sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó rò, àmọ́ ó jọ pé ó fura.

Ẹ má mú ẹyọ òkúta kan kúrò níbẹ̀ o. Òfin kọ̀ ọ́, àwọn tó sì jí i gbé nígbà kan rí ṣì ń dá a padà nínú lẹ́tà, pẹ̀lú àlàyé pé láti ìgbà táwọn ti mú un délé ni nǹkan ò ti lọ déédéé fáwọn. Ọmọ Yorùbá kan kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ibòji. Ilẹ̀ rẹ̀ ga láti nǹkan bí 5,300 títí kọjá 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, síbẹ̀ ooru ọ̀sán oṣù keje máa ń wọ 90°F àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, òjò àti mànàmáná lè dé lójijì. Kò sí ibi tí ẹ máa pàgọ́ sùn sí nínú páàkì, wọ́n á sì ti géètì kí ilẹ̀ tó ṣú. Torí náà ẹ tètè dé. Ẹ̀bùn kékeré kan wà fẹ́ni tó ń bọ̀ láti New Mexico: Arizona kì í yí aago padà nígbà ooru, wákàtí kan ni ẹ máa jèrè tẹ́ ẹ bá ti sọdá ẹnubodè. Àmọ́ ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Navajo tó wà nínú Arizona kan náà ń yí tiwọn, ẹ má jẹ́ kí fóònù yín tàn yín jẹ.

Grand Canyon ńkọ́? Ó tutù jù ú lọ, igi páìnì wà fún ibòji, omi ẹ̀rọ wà káàkiri. Ajá lè rin ọ̀nà etí ọ̀gbun tí wọ́n ń pè ní Rim Trail, máìlì mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀, apá tó pọ̀ níbẹ̀ ló sì jẹ́ ọlọ́dà. Ó lè bá yín sùn ní àgọ́ Mather. Yavapai Lodge ní yàrá tí wọ́n ń gba ajá sí. Ohun tí kò lè ṣe ni kó sọ̀ kalẹ̀ wọnú ọ̀gbun, bó ti wù kó kúrú tó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ bọ́ọ̀sì páàkì. Èyí kejì yìí ló máa ń dun èèyàn, torí láti oṣù kẹta dé òpin oṣù kọkànlá, bọ́ọ̀sì nìkan ló ń gba títì Hermit lọ síbi ìwòran apá ìwọ̀ oòrùn. Ẹsẹ̀ yín ló kù. Títì Desert View lápá ìlà oòrùn ní tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún mọ́tò yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà.

Páàkì yìí ní ilé ìtọ́jú ajá tirẹ̀ lápá gúúsù, tó túmọ̀ sí pé ẹ lè fi ajá síbẹ̀ fún ọjọ́ kan kí ẹ̀yin náà sọ̀ kalẹ̀ wo inú ọ̀gbun. Ẹ gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Lójú mi, nǹkan yìí nìkan tó láti gbé Grand Canyon sókè fún ìdílé tí àwọn kan fẹ́ rìn, tí àwọn kan ò fẹ́.

Tó bá jẹ́ pé ajá ló ń yan, Petrified Forest. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ilé ló ń yan, Grand Canyon, ṣùgbọ́n ẹ ya Petrified Forest lójú ọ̀nà. Holbrook sí Flagstaff kò ju máìlì 90 lọ, láti ibẹ̀ sì dé etí ọ̀gbun tún tó bíi 80.

Iyanrìn méjì: White Sands àti Great Sand Dunes

Àwọn ọmọ fẹ́ràn iyanrìn. Ajá fẹ́ràn rẹ̀ jù wọ́n lọ. White Sands wà ní gúúsù New Mexico, ó di páàkì ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Great Sand Dunes wà ní Colorado. Tẹ́ ẹ bá fi gíga ilẹ̀ nìkan wọ̀n wọ́n, ẹ ó yan ti Colorado: ó ga ju 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, White Sands kò ju bíi 4,000 lọ. Ibí yìí ni òfin mi nípa gíga ilẹ̀ ti ṣì mí lọ́nà.

Iyanrìn Great Sand Dunes dúdú díẹ̀, òkúta lásán ni, ó ń mu ooru. Ní ọ̀sán ìgbà ooru, ojú iyanrìn ibẹ̀ lè gbóná tó 150°F (65°C), bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí yín lójú tutù. Àtẹ́lẹsẹ̀ ajá máa bó. Ti White Sands kì í ṣe iyanrìn bí a ṣe mọ̀ ọ́n, gypsum ni, nǹkan kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀fun ìkọ̀wé àti pátákó ògiri. Ó funfun báláú, ó ń dá oòrùn padà, omi sì wà nítòsí lábẹ́ rẹ̀. Mo bọ́ bàtà ní aago méjì ọ̀sán láti dán an wò, afẹ́fẹ́ ń gbóná tó 97°F, ilẹ̀ tutù mọ́ mi lẹ́sẹ̀ bíi sìmẹ́ńtì ilé tí oòrùn ò kàn.

Ajá lè lọ kárí òkìtì iyanrìn White Sands, bí okùn bá ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ní Great Sand Dunes, apá tó kángun sí ibi ìgbọ́kọ̀sí títí dé góńgó àkọ́kọ́ ni wọ́n gbà á láyè, pẹ̀lú etí odò Medano. Odò yẹn dùn ní ìparí oṣù karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, àwọn ọmọ máa ń wẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni wà létí òkun. Tó bá fi máa di oṣù keje, ó sábà máa ń ti gbẹ kúrò níbi tí èèyàn ń lò.

Mo yan White Sands, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Síbẹ̀, kí iyanrìn tutù yẹn má ṣe tàn yín jẹ. Afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kò tutù. Ibi ìgbàlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni omi wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, ọkọ àti ìyàwó kan láti Faransé kú lórí ipa ọ̀nà Alkali Flat, ọmọ wọn ọkùnrin ló yè é. Èèyàn ni wọ́n, wọ́n lè làágùn. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n rẹ̀ ló ń fi tu ara jù. Nítorí náà, a máa ń dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òjìji òkìtì ti ń gùn. Tanímọ̀la dúdú bíi kóró iṣin. Lórí ilẹ̀ funfun yẹn, ẹ máa rí i láti òkèèrè bí ẹni pé wọ́n fi tádàwà kán an síbẹ̀. Ó sáré yí okùn ká, ó dùbúlẹ̀, ó yí gbiri, ó dìde ní funfun, ó wá dúró ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ipasẹ̀ ẹ̀dá èèyàn tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 21,000 sí 23,000 sẹ́yìn, ipasẹ̀ ọmọdé náà sì wà nínú wọn.

Àgọ́ ológun tí wọ́n ti ń dán àdó olóró wò ló yí páàkì náà ká, wọ́n sì máa ń ti títì pa fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ẹ yẹ ọjọ́ wò kí ẹ tó lọ.

Zion tàbí Bryce Canyon

Utah ni àwọn méjèèjì wà. Zion lókìkí. Òkìkí náà kò parọ́, ògiri òkúta pupa tó dìde lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Virgin máa ń mú kí èèyàn dákẹ́. Fún ajá, ipa ọ̀nà kan ṣoṣo péré ló wà níbẹ̀: Pa'rus, máìlì 1.7 ní àlọ, ọlọ́dà ni, ibòji rẹ̀ kò tó nǹkan. Bọ́ọ̀sì nìkan ló ń gba títì inú àfonífojì náà ní gbogbo ìgbà ooru, ajá kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga ju bíi 4,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ooru ọ̀sán oṣù keje sì máa ń tó 100°F. Ọ̀dà tí oòrùn irú ìyẹn ti ń pa láti àárọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí ajá lè rìn ní ọ̀sán.

Ẹ lè sọ pé odò wà níbẹ̀, kó mu omi. Rárá o. Láti ọdún 2020 ni àwọn olùṣọ́ páàkì ti ń kìlọ̀ nípa ewé omi olóró tó wà nínú odò náà, tó lè pa ajá láàárín àkókò kúkúrú. Kò gbọdọ̀ mu ún, kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ kó tún wá fi ahọ́n lá ara rẹ̀.

Bryce Canyon kò jìnnà sí i, kò tó wákàtí méjì láti ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn Zion. Ó ga tó 8,000 sí 9,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ọ̀sán oṣù keje máa ń wà ní nǹkan bí 80°F, òwúrọ̀ ń béèrè suẹ́tà. Ọ̀nà ajá ibẹ̀ náà kò pọ̀, orí ọ̀dà nìkan ni: láti Sunrise Point dé Sunset Point, tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì máìlì, àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wá láti ìta páàkì wọlé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìdajì máìlì yẹn gan-an ni ojú ibi tí gbogbo ayé ń wá wò. Ọ̀wọ̀n òkúta tó dúró wọ̀ǹtìwọnti nísàlẹ̀, àwọ̀ ọsàn àti pupa, bí ogunlọ́gọ̀ tó wá sóde ọba. Ajá yín dúró tì yín, ẹ jọ ń wò ó. Ní Zion, ajá ń rìn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran ni, kò wọlé.

Nǹkan mìíràn tó gbé Bryce ga ni àwọn aládùúgbò rẹ̀. Red Canyon wà lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà wọlé, inú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Dixie National Forest ló wà, òkúta pupa kan náà, ajá sì lè rin àwọn ipa ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó pé mi jù nínú gbogbo ìrìn yìí nìyẹn. Igbó ìjọba àti ilẹ̀ gbalasa ìjọba tó yí àwọn páàkì ká kò le mọ́ ajá bíi páàkì fúnra rẹ̀. Níbi tí páàkì bá ti ní "má wọlé", ẹ wo ara máàpù, ẹ ó rí àwọ̀ ewé igbó ìjọba nítòsí.

Moab

Mi ò ní í pẹ́ níbí. Moab ni ìlú Utah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arches àti Canyonlands. Arches kò gba ajá ní ipa ọ̀nà kankan, kò gbà á níbi ìwòran, kódà bẹ́ ẹ bá gbé e sínú àpò lẹ́yìn bí ọmọ. Canyonlands náà bẹ́ẹ̀, ó tún wá fi kún un pé ajá kò gbọdọ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà eléruku inú igbó, bó tiẹ̀ jókòó sínú mọ́tò. Ooru ibẹ̀ sì tún ń kọjá 100°F.

Tọ́kàn yín bá ṣáà fà sí Moab, ẹ lọ sí Dead Horse Point, páàkì ìpínlẹ̀ Utah ni, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọdọọdún yín kò ní í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ga ní bíi 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, ajá lè rin ipa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ (ti oníkẹ̀kẹ́ ni kò gbọdọ̀ gbà), ìwòran odò Colorado tó ká bí ejò nísàlẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ sí ti Canyonlands rárá. Orúkọ rẹ̀ ló burú.

Àwọn tí kí ẹ kọjá nígbà ooru

Death Valley. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ooru tó ga jù lágbàáyé, 134°F (56.7°C), ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1913. Ajá kò gbọdọ̀ gba ipa ọ̀nà kankan, ibi tí mọ́tò ń gbà nìkan. Ẹ gbé e lọ ní oṣù kìíní.

Joshua Tree kò yàtọ̀ púpọ̀, ipa ọ̀nà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Oasis of Mara ni ó lè rìn. Big Bend, tó sún mọ́ àwa ará Texas jù, títì àti ibùdó àgọ́ nìkan ló gbà á láyè, ó sì dùn mí, torí mo fẹ́ràn ibẹ̀.

Saguaro ní Tucson ní ipa ọ̀nà ọlọ́dà kúkúrú méjì fún ajá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe ooru nìkan. Nígbà òjò oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan máa ń jáde ní alẹ́, oje ara rẹ̀ lóró, ajá tó bá fi ẹnu gbé e lè kú. Ejò tó ń mi ìrù bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà wà. Ọrọ́ kan tó ń jẹ́ cholla tún wà, bí ajá bá kan fara kọ́ ọ báyìí, ìdì ẹ̀gún odidi á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ yọ ọ́. Òòyà ni kí ẹ kì bọ àárín ara àti ẹ̀gún náà, kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n dànù, kí ẹ wá fi ẹ̀mú yọ ìyókù. Òòyà onígi wa kan kì í kúrò nínú mọ́tò.

Ooru fúnra rẹ̀

Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ kò lè fi ajá sínú mọ́tò kí ẹ lọ. Tí ìta bá jẹ́ 95°F, inú mọ́tò tí wọ́n pa á wọ nǹkan bí 114°F láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti sún mọ́ 130. Wíńdò tí ẹ ṣí díẹ̀ kò yí nǹkan padà. Ọ̀rọ̀ ibi tí ajá lè tẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ ibi tí gbogbo ilé lè tẹ̀ nìyẹn, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ lọ, èmi ni ẹnì kan náà.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀dà, kí ẹ ka ení dé èje. Tẹ́ ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò kí ẹ tó kà á tán, ajá kò gbọdọ̀ rìn níbẹ̀. Nílé epo kan lójú ọ̀nà, mo ṣí ilẹ̀kùn láìronú, Tanímọ̀la bẹ́ sílẹ̀, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè sódò bí oníbàtá. Mo gbé e padà. Ajá tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì ìlàjì ni. Bàtà ajá wà ní ọjà, àmọ́ ẹ fi kọ́ ọ nílé ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa rìn bí ẹni tó wọ bàtà onígi.

Tanímọ̀la kì í mu omi àjèjì. Ọgbọ́n tí ìyàwó mi dá ni pé ó bọ ẹran, ó da omi rẹ̀ sínú àwo yìnyín, ó fi sí fíríìsà, a kó wọn sínú kúlà. Omi ẹran tí kò ní ata, tí kò ní Maggi, tí kò sì ní àlùbọ́sà rárá, torí májèlé ni àlùbọ́sà fún ajá. Ẹyọ kan nínú abọ́ omi, ó ti mu ún tán kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dákẹ́, tí itọ́ rẹ̀ ki, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbò, ooru ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ibòji, omi sí gbogbo ara títí dé ikùn, éésì lójú rẹ̀, kí ẹ sì máa wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko bẹ́ ẹ ṣe ń tu ú lára. Ẹ ti wá nọ́ńbà dókítà ìlú tó sún mọ́ jù kí ẹ tó wọ páàkì, torí fóònù kì í sábà lọ nínú ibẹ̀.

Owó

Ajá kì í sanwó ẹnubodè. Mọ́tò kan ń san $35 ní Grand Canyon, Zion àti Bryce, $25 ní Petrified Forest àti White Sands. Ẹni tó bá máa wọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ra káàdì ọdọọdún, $80.

Tẹ́ ẹ bá ní àlejò láti Nàìjíríà, ẹ ṣírò dáadáa. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tí kò ní ìwé pé Amẹ́ríkà ni òun ń gbé, tó sì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ń san $100 lé owó ẹnubodè ní páàkì mọ́kànlá, àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ yẹn sì wà nínú wọn. Tàbí kó ra káàdì ọdọọdún tirẹ̀ ní $250. Petrified Forest àti White Sands kò sí nínú mọ́kànlá náà. Ẹ wo bí ibi tó dára jù fún ajá ṣe tún wá dẹ̀ fún àpò àlejò.

Òtẹ́ẹ̀lì tó bá kọ ọ́ síta pé òun ń gba ajá, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ béèrè iye. Ibì kan gba $75 lọ́wọ́ wa lórí ajá nìkan, ní alẹ́ tí ó ti rẹ̀ wá tí a ò lè jà.

Èwo wá ni kí ẹ yàn?

Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì, White Sands, Petrified Forest, Grand Canyon apá gúúsù, Bryce, kó sì wo Zion láti inú mọ́tò lójú ọ̀nà Mount Carmel. Ẹni tó ní ajá arúgbó tàbí onímú pẹlẹbẹ, tí èémí ń nira fún tẹ́lẹ̀, Bryce àti Grand Canyon nìkan, kó má tilẹ̀ débi iyanrìn. Ẹni tó fẹ́ rin ìrìn gidi sísàlẹ̀ ọ̀gbun lójoojúmọ́, kó fi ajá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé kò dùn létí.

Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ ní láti Houston? Èyí ni mo fẹ́ràn jù. I-10 lọ sí El Paso, ẹ sùn lójú ọ̀nà, torí ó tó máìlì 750. Ẹ yà sí Alamogordo, àmọ́ ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ gba US-82 gòkè lọ sí Cloudcroft. Kò tó wákàtí kan, ẹ ti kúrò ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà bọ́ sí nǹkan bí 8,600, etí yín á dí, igi páìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, ẹ ó sì pa éésì. Gbogbo ìlú náà wà láàárín igbó ìjọba Lincoln, ajá lè rin ipa ọ̀nà ibẹ̀, bí kò bá ṣe pé wọ́n ti ti igbó pa nítorí iná, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà kí òjò tó dé. Ní ọ̀sán ẹ wà lábẹ́ igi lókè, ní ìrọ̀lẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sórí iyanrìn funfun, ilẹ̀ ṣú ẹ tún gòkè. Ní alẹ́ kejì níbẹ̀, nínú oṣù keje, mo jí láàárín òru torí òtútù ń mú mi. Tanímọ̀la ti fa kúbùsù mi lọ, ó ká wọ́ sórí rẹ̀, iyanrìn White Sands kún àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń hanrun.